AMH mi kéré: ṣé n kò lè lóyún mọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Mọ́kọlá ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún 36 ni mí. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ṣe IVF (kí wọ́n so ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara), wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: AMH mi, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí ẹyin ṣe ṣẹ́kù tó, jẹ́ 0.7 ng/ml. Wọ́n ní ilé ẹyin mi lè má dáhùn dáadáa sí abẹ́rẹ́. Ṣé n kò lè lóyún mọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, èsì yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń fi hàn ni bí ẹyin tí a ó rí kó lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí ẹyin kọ̀ọ̀kan ṣe dára sí.

Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní ló bá wáyé, tí ó sì ń dínkù títí nǹkan oṣù yóò fi dáwọ́ dúró. Lóṣooṣù, ìwọ̀nba ẹyin máa ń jí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò omi kékeré tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló sábà máa ń gbó, àwọn yòókù a sì gbẹ. Àwọn yòókù yìí ni abẹ́rẹ́ IVF ń gbà là kí wọ́n lè jọ gbó. Kò lè dá èyí tí kò sí níbẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń kọ́kọ́ wò ó, bí ẹni tó fẹ́ ro àmàlà ṣe ń yẹ inú igbá èlùbọ́ wò kó tó gbé omi kaná. Àwọn àpò omi wọ̀nyẹn ló ń tú AMH sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá kéré níye, AMH náà a kéré.

Èmi kì í dá AMH nìkan gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi scan ka àwọn àpò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù yín. Bí wọn kò bá tó márùn-ún, ẹyin díẹ̀ ni kí a máa retí. Ẹ sọ fún dókítà yín bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí nígbà àyẹ̀wò, nítorí ó lè fa AMH wálẹ̀, tàbí bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ rí lára ilé ẹyin yín. Ní ti dídára ẹyin, ọjọ́ orí ló ń darí rẹ̀: ẹyin kan láti ara ẹni ọdún 36 sábà máa ń ní ìrètí ju ti ẹni ọdún 43 lọ, ìbáà jẹ́ pé ti ẹni ọdún 43 pọ̀ jù.

Àwọn kan máa ń bẹ̀ wá pé kí a fi abẹ́rẹ́ kún abẹ́rẹ́. Owó ni ó sábà máa ń gbọ́n lọ, ẹyin kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí AMH rẹ̀ ga gan-an ló tilẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù, nítorí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ẹyin rẹ̀ lè wú, kí omi kún ikùn rẹ̀, kí mímí sì nira.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ mú ìwé èsì yín dání. Òṣùwọ̀n méjì ló wà: 0.7 yín yóò jáde bí 5 níbi tí wọ́n ti ń fi pmol/L kà á, iye kan náà sì ni.