Ìbaaka kì í ṣe ràkúnmí o!

Àbúrò kan béèrè ohun tí ìbaaka ń jẹ́ gan-an, pé ṣé òótọ́ ni pé "ìbakasíẹ" ni wọ́n gé kúrú, àti pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fi bú ẹni tí ò tíì bímọ. Háà. Ó ti ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, torí níbi ìgbéyàwó kan ní Kútọ̀ ni ìyá alága ti gba máìkì tó ní ràkúnmí ni ìbaaka tí Ábúsálómù gùn tí orí ẹ̀ fi há sígi, gbogbo èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo fi ọdún 32 kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta níbí, mo kàn gbé ẹran mi jẹ ni.

Ìbakasíẹ ni ràkúnmí. Ìbaaka lọ́tọ̀: akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gun abo ẹṣin tí wọ́n fi bí i. Tó bá jẹ́ akọ ẹṣin ló gun abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, òyìnbó ń pe ọmọ yẹn ní hinny. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé ọmọ àmúlùmálà dà bí ìgbà téèyàn po àmàlà mọ́ ẹ̀bà, ìdajì ti bàbá, ìdajì ti ìyá, ó parí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìbaaka àti hinny ò fi rí bákan náà? Etí hinny sábà máa ń kúrú ju ti ìbaaka lọ, òun náà ló sì máa ń kéré jù. Lóòótọ́ inú abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kéré wà lára ẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ Ìtòkú, ọjà adìrẹ l'Abẹ́òkúta níbí. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, mo máa ń jókòó tì í tó bá ń fi ìko di aṣọ. Aṣọ kan náà, ìkòkò aró kan náà, àmọ́ ibi tó bá ti dì, aró ò ní wọbẹ̀, tó bá wá tú u, ibẹ̀ á funfun báláú. Ohun tí "a-dì-rẹ" ń sọ nìyẹn, à dì, à rẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún, ṣe rí. Ẹ̀dà méjì lọmọ ń gbà, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, púpọ̀ nínú wọn làwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn kan wà tí ọ̀kan ti wà ní dídì kí wọ́n tó bí ọmọ sáyé, nǹkan bíńtín kan ló lẹ̀ mọ́ DNA, ohun tí wọ́n fi ṣe jíìnì, tí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó lé ní 100 irú ẹ̀ tí wọ́n ti rí lára eku. Jíìnì Igf2 tó ń mú ọmọ dàgbà nínú oyún, ti bàbá ló ń ṣiṣẹ́, ti ìyá wà ní dídì, 1991 ni wọ́n rí ìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn, ní 1984, onímọ̀ kan, Azim Surani, ní Cambridge ti fi han pé ọmọ eku tí gbogbo jíìnì ẹ̀ bá wá látọ̀dọ̀ ìyá nìkan kò lè yè. Ó gbọ́dọ̀ ní ti bàbá.

Ẹ wá fojú inú wò ó kí aláró méjì tí wọn ò kọ́ṣẹ́ níbì kan náà jọ dawọ́ lé aṣọ kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí tí ẹ̀yà méjì bá jọ bímọ. Ẹ̀yà eku Peromyscus méjì kan wà ní Amẹ́ríkà, tí ìyá bá jẹ́ maniculatus tí bàbá jẹ́ polionotus, ọmọ á kéré, tẹ́ ẹ bá yí i padà, ọmọ á tóbi rẹpẹtẹ, ibi ọmọ á wú, púpọ̀ nínú wọn á kú. Kìnnìún tó bá gun abo táígà, ọmọ wọn á tóbi ju àwọn méjèèjì lọ. Akọ táígà tó bá gun abo kìnnìún, ọmọ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ọwọ́ dídì yìí náà ló fà á, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì rò bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe dídì nìkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹja platyfish ní jíìnì kan tó ń yọ tótòtó dúdú sí i lára, ibòmíì ni jíìnì tó ń ṣọ́ ọ wà, ọmọ àmúlùmálà tó bá gba olè láìgba ọlọ́dẹ, jẹjẹrẹ awọ ló máa ń yọrí sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin hẹ́tẹ́rọ́kíláríà, ẹja àrọ̀ àmúlùmálà yẹn, ẹ máa bi ẹni tó ń ta ọmọ ẹja fún yín pé èwo nìyá, èwo ni bàbá.

Nítorí náà "ẹni bíni là ń jọ" dáa, àmọ́ kò sọ ẹni tó di èwo nínú wọn. Ta ló tilẹ̀ fẹ́ mọ̀, nígbà tó jẹ́ aṣọ tí máṣínì tẹ̀ ní Ṣáínà ló kún Ìtòkú báyìí, tí ọmọ á mú u dání tá á máa pè é ní adìrẹ, ẹni tó dì í ńkọ́?

Ti àìbímọ yẹn, kì í ṣe èpè. Ẹṣin ní krómósómù, ìyẹn okùn tí jíìnì tò sí, 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 62, ìbaaka wá bọ́ sí 63, ìyẹn ò ṣeé pín ní méjì-méjì. Síbẹ̀ abo ìbaaka mélòó kan ti bímọ rí, ẹ yéé fi bú ìyàwó oníyàwó.

Ẹ bá mi kí ìyá alága. Ràkúnmí ló ní iké.