Pùrótéènì inú agolo kò lè dé ọpọlọ màmá yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹja ni màmá mi ń tà ní ọjà Oluwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti pé ẹni ọdún 73. Láti bí oṣù mẹ́ta ni iyè wọn ti ń rá. Wọn kì í rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Arákùnrin kan tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì tà mí ní agolo pùrótéènì tó ń dáàbò bo ọpọlọ arúgbó. Ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló wá a rí, àti pé kí wọ́n má jẹ ẹja mọ́ kó lè ṣiṣẹ́. Ṣíbí mélòó ni kí wọ́n máa lá lóòjọ́? Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo Piriton lálaalẹ́ kí oorun lè gbé wọn.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lá ẹyọ kan. (Apoògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà, àmọ́ ó ti sú mi láti máa ṣàtúnṣe ìyẹn.)

Ìwọ̀n lẹ̀ ń béèrè. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, ǹjẹ́ ohun tó wà nínú agolo yìí tiẹ̀ lè dé ọpọlọ? Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta tó máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù yìí. Ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá sórí káńtà mi, mo sì ka ara rẹ̀: mílíkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, fànílà. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC kankan níbẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ ni arákùnrin yẹn fi bo irọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn pùrótéènì kan ń ṣọ́ ọpọlọ. Ọ̀kan ń jẹ́ BDNF, inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1982. Ajílẹ̀ ni ẹ lè pè é fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, torí òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n rọ, tó sì ń mú kí wọ́n na ẹ̀ka síra wọn. Òmíràn ni klotho, tí àwọn ará Japan kéde ní 1997. Eku tí kò bá ní in máa ń tètè darúgbó. Àwọn kan tún wà tó ń ṣe bí alágbàfọ̀, tó ń ká pùrótéènì yòókù bó ṣe yẹ, kí wọ́n má baà hunjọ bí aṣọ tí a rún sápò.

Ṣùgbọ́n ara yín ló ń ṣe gbogbo wọn. A kì í rà wọ́n.

Pùrótéènì yòówù kéèyàn jẹ, ikùn á gé e wẹ́wẹ́ kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí màmá yín bá jẹ ọ̀bọ̀kún, ṣé ọ̀bọ̀kún náà ló ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí orí wọn ni? Ẹ bi ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ládùúgbò yín ìdí tó fi ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ insulin. Pùrótéènì ni insulin. Láti 1922 ni wọ́n ti ń fi tọ́jú èèyàn, kò sì sí oníhóró kan lórí káńtà mi títí dòní, torí ikùn á dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà. Ká tiẹ̀ ní ó yè bọ́ nínú ikùn, ọpọlọ ní bodè tirẹ̀, àwọn oníbodè ibẹ̀ kò sì gba ẹ̀gúnjẹ. Ní 2023, wọ́n fi klotho dán ọ̀bọ tó ti darúgbó wò, ìrántí wọn sì sàn sí i. Abẹ́rẹ́ ni o, kì í ṣe ṣíbí. Ọ̀bọ ni o, kì í ṣe màmá yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹja wọn, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn ń gbé Ẹ̀pẹ́, ẹ wá ní kó fi ẹja sílẹ̀ kó máa lá ìyẹ̀fun! Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára sì lè ti ba kíndìnrín jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Pùrótéènì àpọ̀jù á wá dá kún wàhálà rẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ kí BDNF pọ̀ sí i? Kí wọ́n máa rìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àgbàlagbà 120 jọ, ìdajì ń rin ìrìn 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìdajì kàn ń na ara. Nígbà tí ọdún kan pé, ibi tí ìrántí ń gbà wọlé nínú ọpọlọ àwọn tó ń rìn ti fi ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i. Ti àwọn yòókù súnkì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Torí náà, kí màmá yín sọ̀ kalẹ̀ nínú Márúwá kó tó délé, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò.

Ohun tó kàn mí jù nínú ìwé yín, ìparí lẹ fi í sí: Piriton lálaalẹ́. Oògùn ara yíyún ni, kì í ṣe oògùn oorun. Ó máa ń dí ọ̀kan lára kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́, kì í sì í tètè kúrò lára àgbàlagbà. N kò rí wọn, torí náà n kò lè sọ pé òun ló fà á. Àmọ́ òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí ṣáájú ọjọ́ orí, ká má tíì sọ ti àjẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Iyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rá láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ má ṣe pè é ní arán kí ẹ jókòó tì í. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ṣúgà, ìtọ̀, thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) àti fítámìn B12 wò, kí ẹ sì sọ bí wọ́n bá ti ṣubú fi orí gbálẹ̀ láìpẹ́. Bí ẹnu wọn bá wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú nàìlọ́ọ̀nù kan, àti àgbo pẹ̀lú, kí ẹ gbé e dání.

Agolo yẹn, tí ẹ ò bá tíì ṣí i, ẹ dá a padà fún arákùnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn. Ojoojúmọ́ ni irú wọn ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ò ní wá a tì.