Ẹ̀rọ skáànì wo ló yẹ rewáyà tó ní owó ẹyọ kan?

Arákùnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ rewáyà ní Iléṣà béèrè pé ẹ̀rọ skáànì (èyí tí a fi ń wo àléébù ọkọ̀) wo ni kí òun rà, nítorí pé owó ọwọ́ òun kò ju ti ẹyọ kan lọ, ẹni tó fẹ́ tà á fún un sì ń fi táblẹ́ẹ̀tì ńlá kan yangàn, pé kò sí ọkọ̀ tí kò mọ̀ láyé. Ìbéèrè tèmi sí yín ni pé, irú ọkọ̀ wo ló ń bọ́ yín? Ní ọgbà tiwa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, Toyota ló pọ̀ jù, Corolla àti Camry tọ́kunbọ̀ láti Amẹ́ríkà; Honda tẹ̀lé e, Mercedes sì máa ń yà wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ará yunifásítì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹ san owó lórí orúkọ ọkọ̀ ọgọ́rin tí ẹ kò ní í fọwọ́ kàn.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ihò OBD-II láti orí ọkọ̀ ọdún 1996, ihò olójú 16 tí a ń ki ẹ̀rọ skáànì bọ̀, tó máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, wọ́n sì fi 2004 sí ti oní-dísẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó kéré jù lọ lè ka kóòdù ẹ́ńjìnì (àmì àléébù tí ọkọ̀ fi pamọ́) lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, títí kan èyí tó rọ̀ mọ́ fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èéfín ni òfin yẹn dá lé, kò fi dandan mú ABS (búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há), airbag, kọ́kọ́rọ́ àti àwọn yòókù, èdè tó bá wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ èdè wọ̀nyẹn ni owó ń lọ sí, kì í ṣe fífẹ̀ ojú táblẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí èmi máa ń wò ṣáájú ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fi live data hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń fi ránṣẹ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin olùkọ́ kan gbé Corolla wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Iná ẹ́ńjìnì ń tàn, kóòdù P0171 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń pọ̀ ju epo lọ. Nítorí kóòdù yìí, wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ oxygen, wọ́n ti fọ nọ́súlù tó ń fín epo, iná náà kò sì yéé padà wá. Mo ṣí live data nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sinmi, mo rí i pé fuel trim ọlọ́jọ́ gígùn (bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe ń fi epo kún tàbí yọ ọ́ kúrò) ti kọjá 20%, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó wà nítòsí òdo. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ ẹ́ dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan kí ó sì dì í mú síbẹ̀. Nọ́ńbà náà ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi sún mọ́ 5%. Bí ó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ló ti rẹ̀, ńṣe ni ìbá máa gòkè nígbà tí ẹ́ńjìnì ń béèrè epo sí i. Wíwálẹ̀ tó wálẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé níbi tí sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, kò ti lè kà á: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sinmi, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ yẹn ń di púpọ̀; bí ẹ bá tẹ ẹ́, kò tó nǹkan mọ́ nínú gbogbo èyí tó ń wọlé. A fín kábù kílínà yí ìdí ìntékì ká (ẹ jìnnà sí ẹ̀gbọ́ọ̀sì o, nítorí iná), nígbà tí ó dé ara họ́òsì tó lọ sí ibi búréèkì, ìró ẹ́ńjìnì yí padà. Abẹ́ rọ́bà náà ló ti sán, dígí kékeré ni mo fi rí i. Họ́òsì kan ṣoṣo ni a rà.

Ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù nìkan kì bá tí ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Kí ẹ wá èyí tó lè to nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ojú kan náà, tí kì í lọ́ra, tó sì lè yà wọ́n ní ìlà kí ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti ń fò sókè.

Ohun kejì ni kí ẹ̀rọ náà lè pàṣẹ: kí ó tan fáànù, kí ó pa nọ́súlù kọ̀ọ̀kan, kí ó mú pọ́ǹpù ABS ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú búréèkì. Bí mo bá pàṣẹ fún fáànù tó sì yí, mo ti mọ̀ pé wáyà, rílè àti mọ́tò rẹ̀ dára, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ni ó kù kí n bi léèrè.

Àwọn ẹ̀rọ skáànì kékeré ELM327 tó rọ̀ mọ́ fóònù wúlò, ọ̀kan wà nínú àpò mi. Ayédèrú wọn pọ̀ lọ́jà, àwọn kan a máa já ìlà láàárín iṣẹ́, wọn kò sì tó fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ẹni tí Toyota bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tún lè ronú nípa Techstream, ètò skáànì tí Toyota fúnra wọn ṣe, tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà jíjí tí wọ́n ń fi sí inú CD pẹ̀lú wáyà olówó pọ́ọ́kú, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ lè ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́.

Àlòkù táblẹ́ẹ̀tì ń fà mí lójú, síbẹ̀ mi ò kì í rà á bí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ kò bá lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ níwájú mi. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ìgbà wo ni owó àfikún (update) tí ó ti san máa tán, kí ni yóò sì kù tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ti kíkọ nǹkan tuntun sínú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná títí ẹ ó fi ní ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná tí kì í yẹ̀. Bí iná bá bọ́ láàárín iṣẹ́ yẹn, brain box lè kú pátápátá.

Kí ẹ tó sanwó, yálà ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni tàbí Ìbàdàn, ẹ gbé ọkọ̀ tí ẹ mọ̀ dáadáa lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n wọ inú ABS àti airbag rẹ̀ lójú yín. Bí ẹ̀rọ náà kò bá tilẹ̀ tàn, ẹ fi mítà wo ojú 16 sí ojú 4 nínú ihò OBD-II, iná bátìrì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo fíúùsì ibi ìtanná sìgá, torí òun náà ló ń gbé iná dé ihò yẹn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí ó bá tàn tí kò sì bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ tú orí bátìrì, ẹ wọn ojú 6 sí 14: lára ọkọ̀ tó ń lo CAN (wáyà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), nǹkan bí 60 òómù ló máa ń wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì rí 120, wáyà kan ti já níbì kan nínú ọkọ̀ náà.