Ìbọn afẹ́fẹ́ mi ń ta sí ìsàlẹ̀ lápá òsì: báwo ni mo ṣe máa tún sáìtì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Mo ra ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sípíríǹgì, irú èyí tí à ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó fi ọta sí i. Ní mítà 20, ọta ń bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 nísàlẹ̀ ibi tí mo fojú sùn, àti 4 lápá òsì. Mo yí súkúrù ẹ̀gbẹ́ sáìtì ẹ̀yìn (ohun tí à ń wò kọjá láti fojú sùn, tó wà nítòsí ojú ẹni) síbi tí wọ́n kọ R sí, pé kó lè wá sọ́tùn-ún. Ṣe ló tún lọ sósì sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

ÌDÁHÙN: Lẹ́tà yẹn ló tàn yín. Lára àwọn sáìtì kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ibi tí ọta ti bọ́ sí ni lẹ́tà ń sọ, kì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ. Ohun tí R ń wí níbẹ̀ ni pé, “bí ọta bá ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ yí mi síhìn-ín,” òsì ló sì máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni H fún èyí tó ga jù, àti T fún èyí tó rẹlẹ̀ jù. Ti ìbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń yàtọ̀: ibi tí ọfà tí wọ́n yà sára súkúrù kọjú sí lọta ń lọ.

Nítorí náà, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba orí pẹlẹbẹ sáìtì (irin fẹ́lẹ́ tó ní àlàfo tí ẹ ń wò kọjá) kọjá sórí ìdí rẹ̀, kí ẹ wá yí súkúrù, kí ẹ sì wo apá ibi tí pẹlẹbẹ náà rìn sí. Ibẹ̀ lọta máa lọ. Bí pẹlẹbẹ bá gòkè, ẹ ní láti gbé ẹnu ìbọn sókè kí ṣóńṣó iwájú, ìyẹn sáìtì tó wà lápá ẹnu ìbọn, tó lè bá àlàfo ẹ̀yìn dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ọta fi ń gòkè tẹ̀ lé e. Sáìtì iwájú ni tirẹ̀ ń lọ sódì.

Àmọ́ ẹ má tíì yí nǹkan kan. Ẹ yin ọta márùn-ún sórí páálí kan, kí ẹ máa fojú sun ibì kan náà. Bí wọ́n bá ṣù jọ láàárín sẹ̀ǹtímítà 3, sáìtì ló lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí adìyẹ tú, kò sí sáìtì tó lè kó wọn jọ. Bí ẹ ṣe di ìbọn mú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Písítìnì inú ìbọn oní-sípíríǹgì, ìyẹn irin tí sípíríǹgì ń tì síwájú láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wúwo. Bó ṣe ń já síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn, bó bá sì gbá iwájú, ìbọn á tún fò síwájú. Ọta ò tíì jáde lẹ́nu ìbọn tí rírì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fún un mọ́ra gbagba, tàbí tó gbé e lé tábìlì líle, kò ní rí ọta méjì kó bọ́ sójú kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi lórí àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí ẹ gbé ọwọ́ yẹn lé àpò yanrìn, kí ìdí ìbọn kàn fara kan èjìká. Ẹ tún wo àwọn súkúrù tó so igi mọ́ irin. Wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n. Ìbọn tuntun tó ṣì ń rú èéfín òróró náà, ẹ jẹ́ kí èéfín ọ̀hún tán ná.

Bí ìbọn bá ń fì sósì lọ́wọ́ yín, ọta á lọ sósì, á sì rẹlẹ̀. Ní mítà 20 ṣá, ìyẹn nìkan kò lè fa sẹ̀ǹtímítà 6.

Ó kan ìṣirò. Ẹ wọn àlàfo ẹ̀yìn dé ṣóńṣó iwájú. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 450. Ẹ fi iye tí ọta fi ṣìnà sọ 450 di púpọ̀, kí ẹ fi jíjìn páálí pín in, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà: 60 × 450 ÷ 20,000 jẹ́ 1.35. Bí pẹlẹbẹ ṣe máa gòkè tó nìyẹn, nǹkan bí ìdajì sísanra ẹyọ owó pọ́n-ùn kan. Ti ẹ̀gbẹ́: 40 × 450 ÷ 20,000 jẹ́ 0.9 sọ́tùn-ún. Ẹ ti rí ìdí tí yíyí súkúrù ràbàtà fi ń ba nǹkan jẹ́.

Bí súkúrù yín bá ń dún “kẹ́, kẹ́” tí ẹ bá ń yí i, ọ̀nà tó rọrùn jù wà. Ẹ yí i ní kẹ́ mẹ́wàá, kí ẹ yin ọta márùn-ún mìíràn, kí ẹ wọn bí àárín wọn ṣe sún tó. Bó bá sún ní mìlímítà 30, kẹ́ kan jẹ́ 3 nìyẹn. 60 á gba ogún, ó sì ku mẹ́wàá.

Bí súkúrù kékeré tó ń ti sáìtì pa bá wà, ẹ tú u ná. Ẹni tó bá fagbára yí sáìtì lórí rẹ̀ á jẹ eyín rẹ̀ run. Tí ẹ bá tún dè é tán, ẹ tún yìnbọn wò, torí dídè náà máa ń sún pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́ ní kẹ́ méjì, kí ẹ wá yí i padà sókè. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó lè há síbì kan kó wá já bọ́ lẹ́yìn ọta kẹta tàbí ìkẹrin.

Bí súkúrù ẹ̀gbẹ́ bá yí dópin tí ọta ṣì ń lọ sósì, ẹ má fipá mú un. Ẹ wo sáìtì iwájú, bóyá ó ti yẹ̀ lójú ibi tí wọ́n tì í bọ̀. Òsì ni kí ẹ rọra tì í sí.

Ẹ ṣe gbogbo èyí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, kí àpótí tó kún fún yanrìn wà lẹ́yìn páálí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ọta kọjá ààlà ilẹ̀ tí ẹ wà bí aládùúgbò ò bá yọ̀ǹda. Ṣóńṣó iwájú ni kí ojú yín mú kedere, kí páálí wà ní bàìbàì, kí ìmọ́lẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nínú àlàfo sì dọ́gba.

Tó bá ti bọ́ sípò, ẹ fi ọ̀dà èékánná sàmì bíńtín sára súkúrù, kí ẹ kọ orúkọ ọta tí ẹ lò sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ sí èyí tó wúwo jù ú lọ, ó ṣeé ṣe kó tún rẹlẹ̀.