Lẹ́yìn mítà 300, ẹsẹ̀ mi á kú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Kóòṣì. Ọmọkùnrin ọdún 17 ni mí, mítà 400 ni mò ń sá. Èmi ni mo máa ń wà níwájú títí dé 300, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ mi á le bí igi, gbogbo wọn á sì kọjá lára mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa po glúkóòsì mu kí ìbọn tó dún. Ṣé kí n mu ún? — Asáré, Èbúté Mẹ́tta

ÌDÁHÙN: Má mu ún, ọmọ mi. Ṣúgà inú iṣan itan rẹ kì í tán nínú eré tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Èmi náà mu ún rí, ife ńlá kan gbáko, ní Rowe Park ní Yábàá. Orí ìlà kẹrin ni mo ti bì í, níṣojú ọkùnrin tó padà wá fẹ́ mi.

Fi owó wò ó. Agbára tó wà lọ́wọ́ iṣan gan-an, tí wọ́n ń pè ní ATP, sẹ́kọ́ńdì bíi méjì ló ń ná an tán. Èyí tó so mọ́ etí ìró, ìyẹn creatine phosphate, ó lè gbé e dé sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá. Usain Bolt tó sá mítà 100 ní 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, ó ti délé kí ọ̀rọ̀ tó di gbèsè ńlá. Ìwọ tí ò ń lo bíi 50, owó sọgúndogójì lo máa yá. Iṣan á máa fọ́ ṣúgà láìdúró de atẹ́gùn. Ó yá o, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ ni ohun kíkan (ásíìdì) tó ń kóra jọ síbẹ̀, tí iṣan ò fi ní lè fà dáadáa mọ́. Gbèsè yẹn náà lò ń san nígbà tí o bá dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tí ò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Kò sẹ́ni tí kì í yá a. Falilat Ogunkoya tiwa, tó fi 49.10 gba idẹ nínú mítà 400 ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, yá a. Ìwọ ń tètè yá a jù ni. “Èmi ni mo máa ń wà níwájú”: gbólóhùn yẹn gan-an ni àìsàn rẹ. Bí o bá lè sá mítà 200 lásán ní sẹ́kọ́ńdì 23, jẹ́ kí aago ka 24 nígbà tí o bá kọjá ibẹ̀. Wọ́n á ṣíwájú rẹ, á sì dùn ẹ́. Fara dà á.

Tí o bá ń sá mítà 60 tó le níbi ìdánrawò, sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí o tó sá òmíràn, kí etí ìró lè kún padà. Glúkóòsì yẹn, mu ún nínú dánfó tí o bá ń padà sí Ọ̀yìngbò.