Èsì: Ìwé ìtàn The Flash fún ọmọ ọdún 12

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ọmọbìnrin yín lè ka ìwé The Flash, akọni tó ń sáré bí mànàmáná, láìtíì wo eré náà tán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó lè kà á dáadáa. Hocus Pocus tí Barry Lyga kọ, tó jáde ní 2017, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyí: nínú eré, Barry Allen, ẹni tó jẹ́ The Flash, sáré padà sí àná láti gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ikú, ayé gbogbo sì dàrú. Nínú ìwé Lyga, Barry Allen kò dá irú rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti yà, bí odò tó pín sí méjì. Ẹni tó ti wo eré tán pàápàá kò lè mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀tá inú rẹ̀ máa ń darí ara ènìyàn bí ọmọlangidi, àyà mi já gan-an níbẹ̀!

Ìwé Johnny Quick àti The Tornado Twins ló tẹ̀lé e. Ẹ má jẹ́ kó fo ọ̀kankan.

Bó bá fẹ́ràn Supergirl, eré akọni obìnrin, ìwé Age of Atlantis ti Jo Whittemore wà. Ti Smallville, eré nípa ìgbà ọ̀dọ́ Superman, ti pẹ́ díẹ̀: Arrival, ti 2002, tún ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ eré náà sọ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tuntun. Ti Lyga ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.