Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Òfin Tuntun Lórí 911, Níbo Lowó Yẹn Ń Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa fẹ́ ṣe òfin tí wọ́n ní ó máa sọ 911, nọ́ńbà tá a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì níbí, di tìgbàlódé, wọ́n sì máa fowó kún bíìlì fóònù wa lóṣooṣù tìtorí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ọkọ mi ṣubú lulẹ̀ nínú ilé, kò lè mí dáadáa, mo pe 911, káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) tó múlé gbè wá ló gbé ìpè mi, wọ́n ní kí n dúró káwọn fà mí lé àwọn tiwa lọ́wọ́, bí mo ṣe ń dúró yẹn ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ẹ̀ ti yá. Ṣé òfin lè tún irú nǹkan báyìí ṣe, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa ni? – Ìyá Ìbejì

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ọ̀rọ̀ yín ká mi lára gan-an. Ẹ má bínú sí ẹni tó gbé ìpè yín, ètò tó ń darí ìpè yẹn ló ti gbó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe 911, ní Haleyville, Alabama, lọ́jọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1968, fóònù oníwáyà làwọn èèyàn ní nílé, wáyà sì wọ ilé kan pàtó, orí ìyẹn ni wọ́n gbé gbogbo ètò náà kà. Ní báyìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, tí ìpè mẹ́wàá bá wọlé, ó kéré tán mẹ́jọ jẹ́ fóònù alágbèéká, tí fóònù alágbèéká bá sì pè, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ìpè yẹn ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó darí ẹ̀, tí òpó ọ̀hún bá wà lódìkejì ààlà, ibẹ̀ náà nìpè yín máa balẹ̀ sí. Ó jọ pé ohun tó ṣe yín nìyẹn. Oṣù kìíní 2024 ni FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ fáwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé ibi tí fóònù fúnra ẹ̀ wà ni kí wọ́n máa fi darí ìpè.

Ṣùgbọ́n ibùdó tí wọ́n ti ń gbé ìpè, káńtì àti ìlú ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí olúkúlùkù bá lọ ra ẹ̀rọ tó wù ú, ẹ̀rọ méjì lè má gbọ́ ara wọn. Iṣẹ́ òfin ìpínlẹ̀ nìyẹn o: kí gbogbo wọn wà lórí ẹ̀rọ kan tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti fọ́tò lè wọlé, bí ìjì bá sì ba ibùdó kan jẹ́, kí òmíì lè gba ìpè ẹ̀.

Òfin ń ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé kì í ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2013, wọ́n pa Kari Hunt sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Marshall, Texas, ọmọ ẹ̀ tí ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ ń tẹ 911, kò wọlé, torí fóònù òtẹ́ẹ̀lì yẹn, àfi kéèyàn kọ́kọ́ tẹ 9 kó tó lè pe ìta. Bàbá Kari ò jókòó, ó ń lọ ó ń bọ̀, Texas ṣòfin lórí ẹ̀ ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe tiẹ̀ ní 2018. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan tó burú, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe, mi ò lè rántí ẹ̀ kí inú mi má bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ní 2008 ní kí FCC máa jábọ̀ fún Kóńgírẹ́ẹ̀sì lọ́dọọdún lórí báwọn ìpínlẹ̀ ṣe ń ná owó 911, New York àti New Jersey sì wà lára àwọn tórúkọ wọn ń jáde léraléra pé wọ́n kó nínú owó náà lọ síbòmíì. Ẹ bá mi ka àbádòfin yín dáadáa, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yìí ò gbọdọ̀ jáde fún nǹkan míì? Ta ló máa yẹ ìwé owó wò, ìgbà wo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́? Tí ẹ ò bá rí i, ẹ pe ọ́fíìsì aṣojú yín kí wọ́n tó dìbò, ẹ sọ ohun tójú yín rí lọ́dún tó kọjá fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Tó bá wà níbẹ̀, èmi ò ní kùn sí owó díẹ̀ yẹn rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, téèyàn ò bá lè sọ̀rọ̀ jáde, bóyá olè wà nínú ilé, ṣé ó lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí 911? – Adé

ÈSÌ: Ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi. Black Hawk County ní Iowa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2009. Ibi tí kò bá sí, ilé-iṣẹ́ fóònù gbọ́dọ̀ dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò lọ. Àdírẹ́sì ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, kó o tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tó o bá lè sọ̀rọ̀, pè wọ́n.